Ohun tí Ojú Mi Rí ní Òkè Gashaka

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú akọ̀wé wò mí. Ládàánì ni mí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìwó. Èmi ni mo máa ń pe ìrun, èmi ni mo máa ń tẹ́ ẹní, èmi náà ni mo sì máa ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n bá dá owó. Ilé-kéwú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ka ìwé mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni owó bàbá mi parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ni mo fi rí i, ẹsẹ̀ mi ni mo sì fi rìn débẹ̀.

Iṣẹ́ Ládàánì kò lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ márùn-ún. Tírà rírán ni iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí àwọn alùfáà bá ti kọ ọ̀rọ̀ sínú tákàdá tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá. N ó ká a, n ó fi awọ bò ó, n ó sì rán an pa. Awọ ewúrẹ́ àti awọ àgùntàn ni ti mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ńlá, àwọn tí ń du ipò àti àwọn tí ọ̀tá pọ̀ fún, awọ ẹkùn ni wọ́n máa ń bèèrè. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí n ó padà sórí rẹ̀.

Obìnrin ni àkọ́bí mi, ó sì mọ̀wé jù mí lọ fíìfíì. Nígbà tí ó wọ yunifásítì, mo rò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò kọ́. Àfi bí ó ti wá sọ fún mi pé ẹ̀kọ́ nípa igbó àti ẹranko inú rẹ̀ ni wọ́n fún òun, òun sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, ọdẹ ni, nínú ìṣẹ́ ni ó sì kú sí. Ṣé ìwọ tún fẹ́ padà sínú igbó ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, bàbá yín ń lọ pa wọ́n ni. Èmi ń lọ kà wọ́n ni."

Nígbà tí ó ṣe tán, ó rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ka ìnàkí ní igbó ọba tí a ń pè ní Gashaka-Gumti, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, níbi tí ilẹ̀ wa ti fi ara kan ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Ọdún kan péré ni àdéhùn. Ọmọkùnrin kan sì wà nílé tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá tọrọ rẹ̀. Ìdáná ni a ń retí. Nígbà tí ọdún náà ń lọ sópin, ọmọ yìí pè wá lórí fóònù pé òun fẹ́ lo ọdún kan sí i. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀, kò jẹ ẹ́. Ó ní bí n kò bá lọ mú ọmọ òun wálé, òun fúnra òun yóò di ẹrù. Báyìí ni mo ṣe kúrò ní Ìwó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà lẹ́nu mi: "Ó yá, a ń lọ sílé."

Ọ̀NÀ JÍNJÌN

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rin ìrìn náà. A gba Lọ́kọ́ja, mo sì sùn ní Makurdi. Láti ibẹ̀ a gba Wukari, mo tún sùn ní Bali kí n tó dé Serti. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í gba ọ̀nà wọ̀nyí lóru, nítorí àwọn ajínigbé. Èmi náà ti so tírà kan mọ́ apá kí n tó jáde nílé. Mo tilẹ̀ yan èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi: awọ ẹkùn ni mo fi rán an.

Serti ni olú ilé-iṣẹ́ igbó ọba náà wà. Hausa mi kò ju ti ọjà lọ, n kò sì gbọ́ èdè Fúlàní rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kí Lẹ́mọ́mù wọn ní èdè Lárúbáwá, tí ó gbọ́ pé Ládàánì bíi tirẹ̀ ni mí, ó fà mí wọlé, ó sì bu wàrà tútù fún mi. Ilé rẹ̀ ni mo sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ mi dé lórí ọ̀kadà pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ kan àti obìnrin kan tí ń dáná fún wọn. Ó ti dúdú, ó ti fọn díẹ̀, bàtà ńlá bíi ti ṣọ́jà ni ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìborí rẹ̀ wà lórí rẹ̀ dáradára. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku kí mi.

Mo ní, "Àdùkẹ́, ó yá, a ń lọ sílé."

Ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gòkè ná. Bí ẹ bá rí ibi tí mo wà tán, ohun tí ẹ bá sọ, n ó gbà."

Kí ni mo lè sọ sí i? Ẹni tí ó rin ọjọ́ mẹ́ta kò lè ṣàì rin ọjọ́ kan sí i.

IGBÓ NÁÀ ÀTI ÒKÈ RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ya igbó yìí sọ́tọ̀, òun sì ni ó tóbi jùlọ nínú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó lé ní 6,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Apá kan rẹ̀ bọ́ sí ìpínlẹ̀ Taraba, apá kejì sí Adamawa. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ìjọba lórí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1961 ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì dìbò pé Nàìjíríà ni àwọn ń bá lọ. Nítorínáà, ilẹ̀ tí mo tẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Nàìjíríà nígbà tí a gba òmìnira ní 1960. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu púpọ̀.

Bí a ti ń rìn, pápá koríko gígùn ni a kọ́kọ́ ń là kọjá, tí ọyẹ́ ti gbẹ, tí ó sì pọ́n bí awọ màlúù. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí odò bá wà, igbó dúdú tò sí ẹ̀bá rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, igi ńláńlá tí ewé wọn kò wọ́. Bí a bá kúrò nínú oòrùn bọ́ sábẹ́ wọn, ńṣe ni ó dàbí ẹni pé a wọ yàrá tí wọ́n ti wọ́n omi sí. Lókè réré, orí àwọn òkè kò ní igi. Koríko kúkurú ni ó bò wọ́n, ìkùukùu sì ń rìn lára wọn. Chappal ni àwọn Fúlàní ibẹ̀ ń pe òkè. Chappal Waddi ni ọ̀gá gbogbo wọn. 2,419 mítà ni gíga rẹ̀, kò sì sí òkè tí ó ga tó o ní gbogbo Nàìjíríà. N kò gun òun. Èyí tí mo gùn ti tó láti jẹ́ kí orúnkún mi jẹ́rìí sí ọjọ́ orí mi. Òkè Olúmọ tí àwa ń fọ́nnu lé lórí, ọmọ ọwọ́ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Mo ṣe àlùwàlá aláàsárì nínú odò kan tí mo lè rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo inú gíláàsì. Omi náà tutù débi pé ìka ọwọ́ mi kú. Mo bi ọmọ mi pé níbo ni omi ti rí inú ọ̀gbẹlẹ̀ yìí jáde, nígbà tí òjò ti dá láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní igbó etí odò àti ti ẹ̀gbẹ́ òkè ni ó mú òjò náà dúró. Bí òjò bá rọ̀ sórí igbó, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa wọ ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ náà ni yóò sì máa sun jáde ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Níbi tí iná àti màlúù tí ó pọ̀jù bá ti jẹ koríko tán, òjò a gbá ilẹ̀ lọ, odò a kún fún ọjọ́ méjì, a sì gbẹ. Ó ní inú àwọn òkè wọ̀nyí ni odò Taraba ti ń kó omi jọ. Taraba ń ṣàn sínú Benue, Benue sì ń lọ pàdé odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Mo rántí afárá tí mo gbà kọjá ní Makurdi. Mo ti wo omi yẹn láti ojú fèrèsé mọ́tò, n kò bèèrè ibi tí ó ti ń bọ̀.

ÀWỌN ARÁ INÚ IGBÓ

Àgọ́ wọn wà ní ẹ̀bá odò. Èyí ni n ó kọ́kọ́ sọ fún ẹ̀yin ìyá: àgọ́ àwọn obìnrin wà lọ́tọ̀, ọmọ mi àti obìnrin tí ń dáná náà ni wọ́n jọ ń sùn, ẹ̀ṣọ́ kan a sì máa dáná ṣọ́nà mọ́jú. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ìyá rẹ̀ rán mi wò.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo dìde, mo sì pe ìrun àsùbáà bí mo ti máa ń pè é nílé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí rẹ̀ ni ariwo ńlá sọ láti inú igbó, hùú, hùú, hùú, ó ń ga sí i, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń lu gbẹ̀du. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Wọ́n ń dáhùn!" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi mú ẹ̀gbẹ́. Ó ní ìnàkí ni. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá jí, wọ́n a máa ké sí ara wọn kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí ẹnìkejì wà, wọ́n a sì máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lu gbòǹgbò igi ńlá tí ó yọ sókè. Ó ní wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, wọn yóò sì máa ṣe é bí mo bá lọ. Mo gbà fún un. Síbẹ̀, inú mi dùn pé nǹkan kan jí nígbà tí mo pè.

Ìnàkí tí wọ́n ń kà yìí, irú rẹ̀ kò sí níbòmíràn lágbàáyé ju Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lọ, inú igbó yìí ni wọ́n sì pọ̀ sí jùlọ ní Nàìjíríà. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn rí wọn tó láti kà wọ́n, nítorínáà ibùsùn wọn ni a ń kà. Lálaalẹ́, ìnàkí kọ̀ọ̀kan a ká ẹ̀ka igi pọ̀, a fi ewé tẹ́ ẹ, a sùn lé e; ní ọjọ́ kejì a tún ṣe òmíràn. Ọmọ mi fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí tí wọ́n ti jẹ ẹnu rẹ̀. Ó ní irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ oyin nínú ihò igi. Wọ́n a sì máa ki igi bọ inú ilé ìjàlọ. Bí àwọn ìjàlọ bá gùn ún, wọ́n a fi ẹnu ha wọ́n jẹ. Níbòmíràn ní Áfríkà, ikán ni ìnàkí ń jẹ, ṣùgbọ́n àwọn ti Gashaka kì í fẹnu kan ikán bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Mo ní, "Ó dàbí èèwọ̀ ìdílé." Ó ní òun náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo rí ẹdun pẹ̀lú, dúdú àti funfun, tí irun rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí aṣọ àlà, wọ́n ń fò láti igi dé igi. Ìbejì ni ìyá mi, ẹdun ni wọ́n sì máa ń fi kì í láti kékeré mi, ṣùgbọ́n n kò tíì fi ojú kan ẹdun rí títí di ọjọ́ náà. Wọ́n fi ipa ẹsẹ̀ ẹfọ̀n àti ibi tí ìmàdò ti túlẹ̀ hàn mí. Wọ́n tún fi àpò kan hàn mí tí ó kún fún ìkẹ́kùn wáyà tí wọ́n tú kúrò lójú ọ̀nà ẹranko. Ọmọ mi ní ìnàkí kan wà tí kò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́; wáyà ni ó gé e. Ó wá ń fi ọwọ́ òsì gun igi.

ỌMỌ MI BI MÍ LÉÈRÈ

Ní ọjọ́ kẹta, a yà sọ́dọ̀ àgbàlagbà Fúlàní kan. Àwọn Fúlàní kan wà tí wọ́n ti ń gbé nínú igbó náà kí ìjọba tó yà á sọ́tọ̀, wọ́n sì ya ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó fi igbá wàrà síwájú wa, ẹ̀ṣọ́ sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá ẹkùn wà lórí òkè wọn. Ó ní, "Nígbà èwe mi, ọdọọdún ni ó máa ń gba ọmọ màlúù lọ́wọ́ wa. A máa ń ṣépè fún un. Nísinsìnyí, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀." Mo ní kí ni ó lé e lọ. Ó ní, "Ìbọn ni, àti májèlé. Àwọn oníṣòwò a máa wá ra awọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn málàámù ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn, wọ́n ń fi rán láyà."

Ẹ̀ṣọ́ náà kò mọ iṣẹ́ mi; ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti gbọ́ ọ. Ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Kò wo ojú mi. Ó tẹjú mọ́ igbá wàrà ọwọ́ rẹ̀. Tírà náà wà ní apá mi lábẹ́ agbádá.

Ní alẹ́, nígbà tí ó ku àwa méjì nídìí iná, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mélòó ni ẹ ti rà?"

Mo ní, "Tírà?"

Ó ní, "Awọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò kà á rí. Awọ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ mi kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀. Ó gbẹ bí pákó, oníṣòwò a ká a sínú àpò sìmẹ́ńtì. N kò rò ó rí pé ẹnìkan ni. Awọ kan a máa tó mi lò fún ọdún méjì bí mo bá ṣọ́ ọ gé, ọdún mọ́kàndínlógún sì ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Mo kà á lọ́kàn, mo tún un kà.

Mo ní, "Mẹ́sàn-án."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, ojoojúmọ́ ni mò ń rìn nínú igbó yìí. N kò tíì rí ipa ẹsẹ̀ ẹyọ kan."

N kò sọ pé láti òkè yẹn ni àwọn mẹ́sàn-án náà ti wá; n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá, ìyẹn gan-an sì ni ẹ̀bi mi. Mo ní, "Owó wọn wà lára ohun tí mo fi san owó yunifásítì rẹ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa nípa òfin ọdún 1985 tí ó dá òwò irú ẹranko bẹ́ẹ̀ dúró ni mo ti mọ̀. N kò rí ẹnu tí n ó fi sọ ọ́ fún yín." Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí ẹ bá ní kí a máa lọ lọ́la, n ó di ẹrù mi."

Orí ẹní ni mo wà tí mo ń gbọ́ odò títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ, ẹ mọ̀ pé ó rọrùn láti pàṣẹ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ wá. Èyí kò ṣẹ̀ mí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà mo sọ fún un pé kí ó lo ọdún kejì náà. Ṣùgbọ́n mo fi àdéhùn mẹ́ta sí i: kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà lóru; kí ó máa pe ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí ó bá sọ̀kalẹ̀ wá sí Serti; kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọmọkùnrin tí ń dúró dè é, kí ó má fi ìyẹn rán mi. Ó gbà. Ó sunkún díẹ̀, èmi náà yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

MO PADÀ SÍLÉ

Ìyá rẹ̀ rí mi ní èmi nìkan, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Mo rán ọ lọ mú un wá, o lọ bá a ṣe é." Mo sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ẹkùn mẹ́sàn-án. Ó dákẹ́. Nígbà tí ó yá ó bi mí pé irú oúnjẹ wo ni ọmọ náà ń jẹ lórí òkè. Mo mọ̀ nígbà náà pé inú rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ohun gbogbo kò gún bí a ti fẹ́. Àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà ní àwọn kò lè dúró mọ́, wọ́n sì lọ síbòmíràn. Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé rẹ̀. Nípa tèmi, mo kó awọ tí ó kù nílé, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, mo sì fi èyí tí mo tú ní apá mi kún un. Mo sọ fún àwọn alùfáà pé ewúrẹ́ àti àgùntàn nìkan ni mo ń rán. Àwọn kan ní ọwọ́ mi ti rọ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ fún ẹlòmíràn. Nígbà kan, ẹnìkan tí ń du ipò rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá, owó tí ó gbé kalẹ̀ tó owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi kékeré fún sáà kan. Mo wo owó náà pẹ́, n kò lè purọ́ fún yín. Mo dá a padà. Ọdún yẹn, ìyàwó mi ni ó fi owó ẹ̀kọ tí ó ń tà san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Nítorínáà, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tí a fi awọ ẹkùn bò wá síwájú yín, ẹ bi í pé níbo ni ìyókù ẹkùn náà wà. Ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí náà ni. Bí ọmọ yín bá sì yan iṣẹ́ tí kò yé yín, ẹ lọ wo ibẹ̀ kí ẹ tó bínú.

Jímọ̀ tí ó kọjá ni ọmọ náà pè. Ó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, odò ti kún. Ìyá rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ mi, n kò sì rí i gbà mọ́ títí owó inú rẹ̀ fi tán.

Ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ bí mo ti ń kọ èyí. Mo ń lọ pe ìrun. Àkùkọ ni yóò dá mi lóhùn ní Ìwó níhìn-ín.